Kọ́mú Mi ní Pápá Ìsáré Ọkọ̀

"Màmá Àgbà, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ọmọ ọmọ mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀ láti inú ọkọ̀ mi, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ọ̀rọ̀ náà sú mi. Látìgbà tó ti gba ìwé ìwakọ̀ ló ti ń yọ mí lẹ́nu pé kí n mú òun wá sí pápá ìsáré ọkọ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba àwọn tí kò wakọ̀ níbẹ̀ rí. A jí ní kùtùkùtù, a débẹ̀ tán, ó ní ilé ni òun ń lọ.

Ohun tó fà á rèé. Òfin ibẹ̀ ni pé ohunkóhun tó lè fò káàkiri inú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jáde. Ọkùnrin tó ń yẹ ọkọ̀ wò na ọwọ́ sábẹ́ àga. Ó fa agbòòrùn yọ. Ó fa ẹsẹ̀ bàtà kan tí mo ti ń wá láti èṣí yọ. Ó wá fa kọ́mú mi yọ, èyí tó fẹ̀ bí àpò ìwé. Ooru ló mú mi bọ́ ọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo gbàgbé ẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì ọmọ ọmọ mi mẹ́ta tó wá wòran rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń pè ní Iná-Ò-Dúró ní, "Fi ibí sílẹ̀ fáwọn arúgbó. Wá bá wa sáré ní títì ẹ̀yìn ilé ìwé nírọ̀lẹ́."

Títì yẹn kan náà ni ọmọ kan ti kán lẹ́sẹ̀ lóṣù tó kọjá.

Mo kan gíláàsì. "Kọ́mú ta ni wọ́n rí?"

"Tiyín ni, Màmá."

"Èmi tí mo ni ín kò sá, kí ló wá ń lé ìwọ? Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Dé akoto ẹ, jàre."

Ó pòṣé, àmọ́ ó dé e. Olùkọ́ ìwakọ̀, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, jókòó tì í, wọ́n wọ pápá. Ní ìyípo àkọ́kọ́, ìgbín ì bá yà á sílẹ̀. Ní ìkejì, ó tẹjú mọ́ òkìtì táyà tó wà ní kọ́nà, ọkọ̀ mi náà sì forí lé táyà. Díẹ̀ ló kù kó gbá a. Èmi ti di orí mú.

Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé olùkọ́ ò tiẹ̀ pariwo. Ó kàn ní, "Ibi tó o bá wò lọkọ̀ ń lọ. Gbójú kúrò lára táyà, wo ibi tó o fẹ́ yọ sí."

Ní ìyípo kẹta, ó gba kọ́nà náà bí ẹni da omi.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, eyín rẹ̀ wà níta. Iná-Ò-Dúró ní, "Ìrọ̀lẹ́ ńkọ́?"

"Ní títì? Ta ló máa jókòó tì mí níbẹ̀? Ìwọ ni kó o wá forúkọ sílẹ̀ níbí, bí ẹ̀rù ò bá bà ẹ́."

Ọmọ ọmọ mi wá kó ẹrù mi tí wọ́n yọ nínú ọkọ̀. Kọ́mú ló fi kọ́ ọrùn, ó sì gba iwájú wọn kọjá.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rín àwọn ẹlẹ́gbẹ́ yín ni òkìtì táyà yẹn. Bí ẹ bá tẹjú mọ́ ọn, ẹ máa kọ lù ú. Ibi tí ẹ fẹ́ dé ni kí ẹ máa wò. Bí ohun kan bá wù yín ṣe, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ni, ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ ọkọ̀ ìyá àgbà yín lẹ máa wà lọ, ẹ kọ́kọ́ yẹ abẹ́ àga wò nílé.