Fèrè Inú Àyà Rùkáyátù

Wọ́láhì, bí irọ́ bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu.

Sàká ni wọ́n ń pe ọmọ náà, ní ilé kéú kan n'Íkòsì. Tó bá ń ké Kùránì, àwọn tó ń já apẹ̀rẹ̀ tòmátì ní Mile 12 á dúró gbọ́. Ṣùgbọ́n Rùkáyátù mọ̀ ọ́n ké jù ú lọ, ìyẹn sì ń dùn ún wọnú eegun. Wólímọ̀ ti ku ọ̀sẹ̀ kan, Áfà fẹ́ yan ẹnì kan ṣoṣo tó máa ké níwájú àwọn òbí.

Rùkáyátù ní ásímà, ínhélà kì í kúrò lápò ẹ̀. Sàká ti ṣọ́ ọ títí: tí wọ́n bá ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́, tí ẹ̀rù sì bà á, àyà ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

Lọ́jọ́ tí Áfà fẹ́ yàn, bó ṣe kan Rùkáyátù, Sàká ní, "Fèrè, gbogbo ojú ló wà lára ẹ. Fọn ọ́n ká gbọ́."

Àwọn tó wà lórí ẹní rẹ́rìn-ín.

"Jọ̀ọ́, Sàká," Rùkáyátù rọra sọ ọ́, "má ṣe é fún mi lónìí."

"Kí ni mo ṣe? Ṣé mo fọwọ́ kàn ẹ́ ni? Ásímà tó mọ ọjọ́ ìdánwò."

Rùkáyátù lanu, ọ̀rọ̀ méjì péré ló jáde. Àyà ẹ̀ súfèé dé Ìkòròdú Road. Ètè ẹ̀ wá dúdú. Èyí o, mi ò bù mọ́ ọn. Nusirat, ẹ̀gbọ́n ẹ̀, fi ínhélà sí i lẹ́nu, Áfà sì gbé e sínú kẹ̀kẹ́, ó di ọsibítù.

Lọ́jọ́ kejì, Nusirat wá jíṣẹ́. "Ó ti ń mí dáadáa. Dókítà ní àìsàn gidi ni. Ìbẹ̀rù àti ìtìjú máa ń fún ọ̀nà èémí ẹni tó ní in pa."

Áfà ò na ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní, "Sàká, dìde. Ìwọ ló kù. Ké e."

Sàká dìde. Gbogbo ohun tó há sórí sá lọ. Òógùn bò ó, inú ẹ̀ ń kùn bí ẹ̀rọ ata.

"Inú tó ń kùn yẹn," Nusirat bi í, "ṣé irọ́ ni? Ta ló fọwọ́ kàn ẹ́?"

Sàká tẹjú mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ ò sì lanu kó wọlé.

"Ẹyin lohùn," Áfà ní. "Tó bá balẹ̀, ó ti fọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu lè dí èémí èèyàn."

Sàká ti lọ bẹ Rùkáyátù ṣá. Ó dọ̀bálẹ̀ láti Ìkòsì dé ilé wọn l'Álápẹ̀rẹ̀.

Shittu tó ń gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu mi wò mí tìtì. "Roqeeb, ilé kéú yẹn ni àbúrò mi ń lọ. Kò sí Sàká kankan níbẹ̀. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́ta tí Rùkáyátù ti délé, kò tíì rí ẹ kó o wá bẹ̀ ẹ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú àwọn tó jókòó gbọ́ mi.

"Máa lọ sílé," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n gba Alápẹ̀rẹ̀ kọjá."