Ásíìdì Tí Ìyàndá Gbé De Philomena

Ìyàndá, tó ń ṣáájì bátìrì tírélà ní ibùdókọ̀ Coconut ní Apapa, ti búra pé ojú Philomena yóò bó. Ó ti da ásíìdì sínú ike, ó gbé e sábẹ́ àga níbi iṣẹ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ bẹ̀rù ẹ̀wọ̀n.

Kí ni obìnrin náà ṣe? Wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà ní Olodi-Apapa ni. Ó fún Fikáyọ̀mi, ọmọ Ìyàndá, ní mọ́ínmọ́ín, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ara ọmọ fi wú, tí oríkèé ń ro ó. Ìyàndá ní májèlé ni.

Dókítà ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé ọmọ náà lọ ní kì í ṣe májèlé. Ó ní àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, tó yẹ kó máa bá àrùn jà, ló kọjú sí kíndìnrín ọmọ náà, torí ohun tó yẹ kó kó wọn níjàánu kò ṣiṣẹ́ dáadáa.

"Ó máa ń wà nínú ìran. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó jogún rẹ̀ ló ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ó lè tètè mú wọn. Ta ni irú rẹ̀ ti ṣe rí nínú ẹbí yín, sà?"

"Kò sẹ́nì kankan," ni Ìyàndá wí.

Irọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ṣe wú kó tó kú, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Nígbà tí àwọn àna rẹ̀ ń wádìí ìdílé rẹ̀ kí wọ́n tó fún un níyàwó, ó ní jàǹbá ọkọ̀ ló pa àwọn méjèèjì. Bí a ti ń ṣe nìyẹn, a ó bo àìsàn ilé wa mọ́lẹ̀, a ó wá máa wá àjẹ́ kiri àdúgbò.

Tamuno, mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ti gbọ́ ìbúra náà. Ó wá rí ike náà lábẹ́ àga.

"Ìyàndá, ìwọ fúnra ẹ lo sọ bí màmá ẹ ṣe kú fún mi. Kí ni Philomena wá ṣe?"

Tamuno na ọwọ́ sí i.

"Jésù mọ irọ́ tó o pa, ó sì ti kú torí ẹ̀. Abeg, gbé ike yẹn fún mi."

Ìyàndá ti ń wá ẹni tí yóò jìyà tipẹ́. Ó rí i wàyí, òun fúnra rẹ̀ ni. Ó gbé ike náà fún Tamuno, ó kúnlẹ̀ sínú ọ́ìlì dúdú, ó sunkún, ó ké pe Jésù.

Lọ́jọ́ náà gan-an ló lọ jẹ́wọ́ fún dókítà níwájú ìyàwó rẹ̀. Philomena ló bá lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, tó ń fún ọmọ náà ní ògì. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ojú ta ni ìwọ ń fẹ́ kó bó? O mọ orúkọ rẹ̀. Ọlọ́run ló ni ẹ̀san, bí o kò bá ronú pìwà dà, orí rẹ ni yóò sọ̀ sí. Jésù ti na ọwọ́ sí ọ. Gbé ike rẹ fún un lónìí.