Ẹsẹ̀ Méjì Sẹ́yìn

Ọjọ́ tí aránṣọ kọ́kọ́ pàdé Rọra, ẹsẹ̀ kan ni obìnrin náà fi dúró bíi lékeléke.

Ó ń gba etí àbàtà kọjá láti lọ kó aṣọ fún oníbàárà. Ọkùnrin kan nawọ́ jáde láti inú esùsú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ẹsẹ̀ yẹn sílẹ̀. Ẹyin wà níbẹ̀."

Lóòótọ́ ni. Ẹyin mẹ́ta, àfi bí òkúta wẹ́wẹ́. Àyà aránṣọ já. Àyà rẹ̀ kì í pẹ́ já.

Ọkùnrin náà ti fi ìgbà kan rí pín lẹ́tà kiri. Ní báyìí, ẹyẹ ló ń wò. Rọra ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ ṣáá nìyẹn. Ó kọ́ aránṣọ pé kò gbọdọ̀ wọ aṣọ pupa wá, kò gbọdọ̀ júwe ìtẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

"Ẹyẹ tó ń jẹun, ọkàn rẹ̀ balẹ̀," ló wí. "Tó bá ti gbórí sókè wò yín, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Ẹsẹ̀ méjì sẹ́yìn."

Ọdún méjì ni wọ́n fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, tí wọ́n jọ ń fi awò awọ̀nàjíjìn olójú méjì kan wo ẹyẹ. Rọra á nu awò náà kó tó gbé e fún un. Aránṣọ fẹ́ràn rẹ̀. Ó mọ̀ pé Rọra náà fẹ́ràn òun. Ṣùgbọ́n bí Rọra bá ti ní, "Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́…", kò ní pẹ́ tí yóò fi máa sọ ti òjò. Ọ̀rọ̀ náà sú aránṣọ, ó sú u dé eegun.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ò tiẹ̀ bò ó. "Ọdún méjì! Ẹyin ọjọ́sí ti pa, ó ti fò, ó ti yé tirẹ̀! Rọra, rọra, yóò rọra títí tí yóò fi rọra wọ sàréè. Ọjọ́ Àìkú ni mò ń gbé ọkọ̀ bọ̀. Ìwọ àti máṣíìnì rẹ, ilé mi lẹ ń bọ̀. Àbí ẹnì kan ní kó o dúró?"

Aránṣọ dorí kọ máṣíìnì, ó ń ránṣọ lọ.

Ní Sátidé, ó sọ fún Rọra. "Ọ̀la ni ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wá kó mi lọ."

Rọra gbé awò sílẹ̀. Ó dìde, ó yíjú sí i. "Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́…"

Aránṣọ gbórí sókè. Rọra fẹ̀yìn rìn. Ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ méjì.

Aránṣọ wo ẹsẹ̀ náà. "Ẹsẹ̀ mélòó lẹ gbé yẹn?"

"Ẹ gbórí sókè ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ sọ ọ́ lẹ máa ń gbórí sókè. Mo ní mo ti sún mọ́ yín jù."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí!" Ó pariwo. "Fóònù dún, ẹ̀rù bà mí! Ìlẹ̀kùn gbá, ẹ̀rù bà mí! Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ? Ẹyẹ ló máa ń fò. Èmi, ọdún méjì rèé tí mo jókòó!"

Gbogbo ẹyẹ àbàtà gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ọ̀run funfun. Aránṣọ fọwọ́ bo ẹnu. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ níwájú Rọra rí.

Ṣùgbọ́n Rọra ò wòkè. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Orí aránṣọ tún lọ sókè. Rọra dúró.

"Ẹ máa bọ̀," ni aránṣọ wí. "Ẹ má wo orí mi. Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n gbé ọkọ̀ dé lọ́jọ́ Àìkú, ó bá Rọra àti àwọn ẹbí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, wọ́n há sáàárín aṣọ oníbàárà.

"Ta ló ní kó dúró?" ni ẹ̀gbọ́n bi wọ́n.

"Èmi ni, mà."

"Ẹ pẹ́ o!"

"Ó pẹ́ gan-an," ni aránṣọ wí láti ìdí máṣíìnì. Inú ṣì ń bí i. Àwọ̀ ewé ni aṣọ ìgbéyàwó tó ń gé, kí wọ́n lè wọ̀ ọ́ dé àbàtà láìdẹ́rù ba ẹyẹ.