Ohun Tí A Gé Kúrò Nínú Lẹ́tà Sájẹ́ǹtì

Ojú kan ṣoṣo ni obìnrin náà kọ́kọ́ rí. Awò dúdú kékeré kan ló bo ojú kejì ọkùnrin náà, ó yọ síta bí ìdérí ìgò. Ọkùnrin náà tẹrí sórí aago ọwọ́ kan tó ti tú palẹ̀ sórí aṣọ funfun, ó sún mọ́ ọn débi pé èèyàn á rò pé aago náà ń sọ àṣírí fún un ni. Aago tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù náà á tó ogójì, kò sì sí méjì nínú wọn tó fẹnu kò. Obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kí i lẹ́ẹ̀mejì, kò rí ìdáhùn.

"Ẹ má bínú," ọkùnrin náà sọ níkẹyìn láì gbójú sókè. "Bí mo bá mí báyìí, ìṣó kan á fò lọ. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan."

"Nínú èwo nínú àwọn aago yìí ni kí n ti ka ìṣẹ́jú ọ̀hún?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ìṣó náà sì fò lọ lóòótọ́. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wá a lábẹ́ tábìlì. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan ká sókè títí dé orúnkún, abẹ́rẹ́ méjì ló dè é mú, kò sì sí nǹkan kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó rí ìṣó náà, ó dìde, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Kò jẹ́ kí ojú òun sọ ohun tó rí. Ọkùnrin náà ṣàkíyèsí pé kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ sọ ọ́, inú rẹ̀ sì dùn sí i.

"Lẹ́tà tí ẹ kọ nípa ìwé ogun ìràwọ̀ yẹn ló gbé mi wá," ni obìnrin náà wí.

Ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń to ọ̀rọ̀ sórí kọ̀ǹpútà kí ìwé tó wọ ẹ̀rọ, òun náà ló ń wá àṣìṣe. Nítorí pé kì í jẹ́ kí àmì ohùn kan ṣoṣo sọnù, Ìyá Àmì ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, kò sì tíì bímọ kankan. Lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n tẹ ìtàn àròsọ kan jáde nípa àwọn ọmọ ogun ọjọ́ iwájú, tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ òfuurufú jagun láàárín àwọn ìràwọ̀. Ojú ewé tó kẹ́yìn ní kí òǹkàwé kọ èrò rẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n retí lẹ́tà mẹ́wàá. Igba ló dé.

Awakọ̀ kan kọ̀wé pé òun ń ka ìwé náà lọ́wọ́ níbùdókọ̀ nígbà tí àwọn èrò òun bọ́ sílẹ̀, wọ́n bá ọkọ̀ mìíràn lọ, òun ò sì mọ̀. Tísà kan fi ojú ewé méje ṣàlàyé pé iná ò lè jó báyẹn níbi tí kò ti sí afẹ́fẹ́. Ọmọbìnrin kan fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀gágun kò fi fẹ́ awakọ̀ òfuurufú náà, nígbà tó hàn gbangba pé ojú wọn ti wọra. Ìyá Àmì rẹ́rìn-ín títí lórí àwọn lẹ́tà wọ̀nyí, kó tó kan ti atúnaagoṣe. Nígbà tó kà á tán, ó dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí: "Mo ka ìwé yín tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ojú mi kò gbẹ, kì í sì í ṣe torí pé ó dùn. Lójú ewé ọgọ́fà, ìbọn ba ọmọ ogun kan, ó sì kú kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó pe orúkọ rẹ̀. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ tèmi lo wákàtí mẹ́ta. Ó ń sọ̀rọ̀ ni. Ó ní kí n sọ fún ìyá òun pé òun ò bínú mọ́, pé ìwà òmùgọ̀ ló mú òun jáde nílé láì dágbére. Ẹni tó kọ ìwé yín mọ ìràwọ̀, kò mọ bí ọmọ ogun ṣe ń kú. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, kó fún ọmọ yẹn láyè díẹ̀ sí i kó lè sọ̀rọ̀."

"A fẹ́ tẹ ìwé náà lẹ́ẹ̀kejì," Ìyá Àmì ṣàlàyé. "A máa fi èrò àwọn òǹkàwé síwájú rẹ̀. Ṣé ẹ gbà ká lo tiyín?"

Ọkùnrin náà yọ awò kúrò lójú. "Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má gé e. Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ lò ó tán."

"Mo gbọ́."

Gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà ní Sájẹ́ǹtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dé ipò yẹn rí kó tó fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ lójú ogun. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, aago Ìyá Àmì kú. Ọ̀sẹ̀ kejì, aago ìyá rẹ̀ kú. Nígbà tó gbé ẹ̀kẹta wá, Sájẹ́ǹtì ṣí i, ó wò ó, ó sì pa á dé.

"Kò sí nǹkan tó ṣe aago yìí."

"Ẹ tún un wò dáadáa."

"Mo ti wò ó. Ẹni tó gbé e wá ni mo fẹ́ wò báyìí. Jókòó."

Bó ṣe di pé wọ́n ń rí ara wọn ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì nìyẹn, bí iṣẹ́ bá ti parí. Wọ́n tún ìwé náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀, Sájẹ́ǹtì sì ń bá a jà lójúewé-lójúewé.

"Ẹgbẹ̀rún ọmọ ogun wà nínú ọkọ̀ yìí fún oṣù mẹ́fà," ló wí lọ́jọ́ kan, "kò sí ẹyọ ẹnì kan tó béèrè ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà! Ṣé àwọn ará ọjọ́ iwájú kì í tọ̀ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ka ìwé mi."

"Ẹ, ẹ, ẹ! Ẹsẹ̀ mi gan-an ò pé méjì, kí ló wá sọ èmi fúnra mi di ẹni púpọ̀?"

Ìyá Àmì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àmọ́ kò yéé pè é ní ẹ. Sájẹ́ǹtì ní tirẹ̀ ti ń pè é ní ìwọ, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni ń lá súìtì.

Ìyá rẹ̀ gbọ́. Obìnrin tó dá tọ́ ọmọ ni, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. "Nínú gbogbo ọkùnrin tó wà láyé, ẹlẹ́sẹ̀ kan ni ìwọ rí?"

"Màmá, ẹsẹ̀ méjì ni Bàbá mi ní. Òun náà ni wọ́n fi sá lọ."

Ìyá náà gbójú kúrò. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ̀rín ni. "Ẹnu rẹ yìí," ló ní, "ó dára kí ọkùnrin tó máa fẹ́ ọ ti rí ogun rí."

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Sájẹ́ǹtì di ọwọ́ Ìyá Àmì mú lórí tábìlì. "Bí ìwé yẹn bá jáde, ohun kan wà tí mo fẹ́ fi ṣe. Ó ti pẹ́ tó wà lọ́rùn mi. Bí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀ tán, màá wá rí Màmá rẹ." Kò sọ ohun tó jẹ́. Ìyá Àmì kò sì béèrè, nítorí gbólóhùn tó kẹ́yìn nìkan ló wọ̀ ọ́ létí.

Lọ́sẹ̀ tí ìwé máa wọ ẹ̀rọ, ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé dúró sẹ́yìn àga rẹ̀, ó ń ka lẹ́tà náà lójú kọ̀ǹpútà.

"Ta ló máa ra ìwé tí òǹkàwé fúnra rẹ̀ ń sọ pé ẹni tó kọ ọ́ kò mọ nǹkan kan? Mú ibi tó dùn, kó o yọ ìyókù."

"Ọ̀gá, ó ní ká má gé e."

"Ṣé mo ní kó o purọ́ mọ́ ọn ni? Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà ni. Bí o ò bá lè ṣe é, màá fún ẹlòmíràn."

Fóònù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó lè pe Sájẹ́ǹtì. Ó lè ní òun ò ṣe. Kò ṣe méjèèjì. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé lẹ́tà lásán ni, pé ẹni tó fẹ́ràn èèyàn kì í bá a jà nítorí gbólóhùn méje, pé òun á ṣàlàyé fún un. Ó pa ìyókù rẹ́. Ó wá yẹ àmì ohùn tó wà lórí èyí tó ṣẹ́ kù wò, gbogbo rẹ̀ pé.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé náà lọ. Ó bá Sájẹ́ǹtì nínú aṣọ tó lọ̀ dáadáa, ó ti fárí, ó ti nu ọ̀pá abẹ́ abíyá rẹ̀ títí ó fi ń dán. Ìwé náà ló ń dúró dè. Ó ṣí i, ó rí i, ó sì kà á sókè.

"Mo ka ìwé yín tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ojú mi kò gbẹ. Ológun kan tó ti fẹ̀yìn tì."

Ó ṣí ojú ewé kejì. Ó ṣí ìkẹta. Ó padà sẹ́yìn, ó wo ẹ̀yìn ìwé, ó tún wo iwájú.

"Ìyókù ńkọ́?"

Ìyá Àmì na ọwọ́ sí ìwé náà, Sájẹ́ǹtì kò fún un.

"Ta ló gé e?"

"Èmi ni."

Sájẹ́ǹtì jókòó. Ìgbà yẹn ló tó sọ ohun tí kò sọ rí. Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà láàyè, òpópónà kẹta sí ṣọ́ọ̀bù náà ni ilé wọn. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ lọ kí wọn, ó ṣàánú wọn, ó ní ọmọ wọn kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò jẹ̀rora. Irọ́ yẹn ló ti ilẹ̀kùn mọ́ òótọ́. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń lọ kí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn kì í bi í pé, "Kò tiẹ̀ sọ nǹkan kan?" Ìjà ni ìyá àti ọmọ jà kẹ́yìn, ohun tí ìyá sì mọ̀ ni pé ọmọ òun bá ìbínú lọ.

"Ẹnu mi ò gbé e. Mo ní bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, màá kàn gbé e lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n fojú ara wọn kà á."

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ báyìí, èmi á sọ ọ́."

"Rárá. Ẹ ṣeun. Ẹ máa lọ sílé."

Ẹ yẹn gún un lọ́kàn ju èébú lọ.

Ká ní ọjọ́ kejì ni Ìyá Àmì ti gbé ìgbésẹ̀ ni, ìtàn ì bá yàtọ̀. Ìtìjú ló dè é mọ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń rìn gba ọ̀nà mìíràn kó má baà kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù aago. Nígbà tó wá gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan pé ìyá ọ̀rẹ́ Sájẹ́ǹtì wà ní ọsibítù, ó sáré to lẹ́tà náà látòkèdélẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó nípọn, lẹ́tà ńláńlá tí ojú àgbàlagbà lè kà. Ó gbé e lọ.

Ibùsùn náà ti ṣófo. Nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n kú. Níta, lórí bẹ́ǹṣì kan, Sájẹ́ǹtì jókòó pẹ̀lú ẹrù ìyá náà lórí itan: ìborùn, awò ojú, bàtà ilé.

Ìyá Àmì kò lè jókòó tì í. Ó dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú bébà náà lọ́wọ́.

"Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n tún bi mí," Sájẹ́ǹtì sọ, kò wò ó. "Ohùn wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde mọ́. 'Kò tiẹ̀ sọ nǹkan kan?' Mo di ọwọ́ wọn mú. Mo ní, 'Rárá, Màmá.'"

"Èmi ni mo fà á. Ká ní mi ò gé e…"

"Gbọ́." Ó gbójú sókè wàyí. "Ẹ̀ẹ̀kan ni ìwọ gé e. Èmi, ọdún mọ́kànlá ni mo fi gé e, lójú wọn, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo bínú sí ọ torí ó rọrùn ju kí n bínú sí ara mi lọ."

Ó gbé ẹrù náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún un lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi gba ìwé òkú. Àbámọ̀ wà láàárín wọn bí ẹnì kẹta, kò sì sí èyí tó lé e.

Ìyá Àmì fi ilé ìtẹ̀wé yẹn sílẹ̀ lóṣù kejì. Sájẹ́ǹtì wá rí Màmá rẹ̀ lóṣù kẹta, ó gun àtẹ̀gùn ilé wọn mẹ́tàdínlógún láì gbà kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Ìyá náà wò ó títí ó fi dé òkè, ó wá gbé àga fún un. "Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan ò rí i gùn rí," ló sọ.

Ní kóòtù ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, èèyàn mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe fọwọ́ sí ìwé tán, Sájẹ́ǹtì sọ̀rọ̀ sí ìyàwó rẹ̀ létí, ìyàwó sì mi orí pé òun gbà. Wọ́n ní kí àwọn tó kù máa lọ sílé. Àwọn méjèèjì gba ibi ìsìnkú lọ, nínú aṣọ ìgbéyàwó.

Ilẹ̀ ṣì rọ̀ níbẹ̀, ọ̀pá náà ń rì, ìyàwó ló fi èjìká gbé ọkọ rẹ̀ ró. Sájẹ́ǹtì dúró síwájú òkúta sàréè ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ṣí fìlà. Kò mú ìwé kankan dání.

"Màmá," ló wí, "irọ́ ni mo pa fún yín. Ó sọ̀rọ̀."

Ó wá bẹ̀rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀, wákàtí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ohun tí ọmọ náà fi ṣàwàdà, orin tó gbìyànjú láti kọ, bó ṣe béèrè omi, bó ṣe ní kí wọ́n sọ fún ìyá òun pé òun ò bínú mọ́. Ohùn rẹ̀ já lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dúró títí ó fi rí i gbé padà. Ìyàwó rẹ̀ kò gbé ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.

Ọkùnrin kan ń gé koríko ní ìkángun kejì, kò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ wọn.

"Ṣé ká máa lọ?" ìyàwó bi í nígbà tó pẹ́.

"Rárá. Wọ́n á ti fẹ́ béèrè nǹkan. Jẹ́ ká jókòó díẹ̀."

Ìyàwó tẹ́ gèlè rẹ̀ sílẹ̀ fún un, wọ́n sì jókòó.