Ìwọ̀n Màmá Nínú Mọ́tò Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó kọ́kọ́ wá sílé wa. Kó wo bàtà Màmá lábẹ́ okùn tá a máa ń sá aṣọ sí, níbi tó bọ́ ọ sí. Mi ò tíì gbé e kúrò níbẹ̀. Mi ò gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ẹnikẹ́ni, mi ò sì lá a lálàá. Ojú mi ló ṣe, etí mi ló sì gbọ́ èyí tójú ò rí.

Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi ló kọjú sí títì, pálọ̀ ló tẹ̀lé e, kíṣíìnì tẹ̀lé pálọ̀, ẹ̀yìnkùlé ló kẹ́yìn. Àwa mẹ́ta là ń gbébẹ̀: èmi, Màmá, àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Gíà ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní gáréèjì tó ti ṣiṣẹ́. Bí mọ́tò bá ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun ló máa tún táyà ẹ̀ ṣe títí táá fi máa lọ tààrà. Ó mọ iṣẹ́ náà dójú àmì. Nígbà tó yá, ọ̀gá ẹ̀ ra ẹ̀rọ kan tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, tí kì í jẹun, tí kì í gba ìsinmi. Wọ́n ní kí Gíà máa lọ sílé.

Ó délé, ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó mú páàdì géèmù lọ́wọ́. Àtìgbà yẹn ni ìdí ẹ̀ ò ti kúrò lórí ìjókòó mọ́, àfi tó bá fẹ́ lọ tọ̀.

Géèmù eré mọ́tò ni. Ẹ má rò pé kéèyàn kàn máa sáré kiri nínú ẹ̀ ni o. Èèyàn lè tú mọ́tò náà palẹ̀. Ẹ lè pààrọ̀ ẹ́ńjìnì, ẹ lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kó sún mọ́ ilẹ̀, ẹ lè yọ ohun tó wúwo dànù kó lè fúyẹ́. Àwọn tó wà lọ́nà jíjìn náà ń gbá a, gbogbo wọn á sì jọ figa gbága. Ẹnì kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Má-Wẹ̀yìn. A ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin. Ìgbà gbogbo ló ń fẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi gbálẹ̀, díẹ̀ báyìí ló sì fi máa ń ṣáájú ẹ̀, kò tó kéèyàn ṣẹ́jú. Tó bá ṣe é tán, á kọ ọ̀rọ̀ kan náà sójú tẹlifíṣọ̀n:

"Ẹrù ẹ pọ̀."

Mọ́tò tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́ sínú géèmù náà, mọ́tò bàbá wa ni. Bàbá ti kú, a sì ti ta mọ́tò náà tipẹ́. Ṣùgbọ́n Gíà tún un kọ́ bó ṣe rí gẹ́lẹ́: ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ti ṣá, ibi tó ti họ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó tiẹ̀ kọ́ àlébù ẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, òun ló tún táyà mọ́tò náà ṣe fún Bàbá, inú mọ́tò sì ni Màmá jókòó sí ní gbogbo ìgbà tó ń ṣe é. Bàbá ló ní kó ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò ní lọ síbì kankan láìmú ìyàwó òun dání, nítorí náà kí Gíà ka ìwọ̀n ìyàwó òun mọ́ ti mọ́tò. Màmá sì sanra, ẹ jẹ́ kí n sòótọ́. Látọjọ́ náà, tí Màmá bá ti sọ̀ kalẹ̀, mọ́tò á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọ̀mùtí. Tó bá wọlé padà, á tọ́.

Bó ṣe ń fà nínú géèmù náà nìyẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi pariwo láti pálọ̀:

"Màmá, báwo lẹ ṣe wúwo tó?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣé o fẹ́ gbé mi tà ni?"

"Ẹ sáà gun òṣùwọ̀n yín, ẹ jọ̀ọ́."

Dókítà ló ní ká ra òṣùwọ̀n náà, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Màmá gùn ún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi wo nọ́ńbà, ó kọ ọ́ sí ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ nínú géèmù. Mọ́tò lọ tààrà.

Màmá pàtẹ́wọ́. "Ṣé ẹ rí i? Láìsí èmi, ẹ ò lè dé ibì kankan."

Má-Wẹ̀yìn tún ṣáájú lọ́jọ́ náà. Ẹrù ẹ pọ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí Màmá ṣe máa ń rìn. Tó bá ń kọjá ní kíṣíìnì, àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa mì, wọ́n á máa dún ṣìnrìn, ṣìnrìn. Ohun tí mo fi ń mọ ibi tó wà nìyẹn láti kékeré. Tí mo bá ń jí ṣúgà bù, tí ife bá ti dún, màá ti sá.

Lọ́jọ́ kan mo ń gé aṣọ lọ́wọ́, mo gbójú sókè, Màmá dúró lẹ́yìn mi.

"Màmá! Ẹ dẹ́rù bà mí."

"Mo ti ń pè ẹ́ láti ẹ̀ẹ̀kan. Etí ẹ ti di ni?"

Mi ò gbọ́ ife kankan. Ó jókòó sórí àga tó máa ń ké tó bá jókòó lé e. Àga ò ké.

Mo mú téèpù, mo wọn àyà ẹ̀, mo wọn ìdí ẹ̀. Kò dín. Màmá ò rù rárá. Bó ṣe tóbi tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì tóbi, aṣọ ẹ̀ ṣì bá a mu wẹ́kú. Mo ní kó gun òṣùwọ̀n. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ kàn mì díẹ̀, ó dúró sí ibi ìwọ̀n ọmọdé. A lọ rí dókítà. Ó ní òṣùwọ̀n wa ti bàjẹ́, ó gbé Màmá sórí tiẹ̀. Ó wò ó, ó tún un wò. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ dáa, ọkàn ẹ̀ dáa, ká máa lọ sílé. Kò wo ojú wa nígbà tó ń sọ ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Tí mo bá ṣí fèrèsé, Màmá á di ògiri mú. Ó ń ṣe bíi pé ó ń sinmi ni, ṣùgbọ́n mo rí ìka ẹ̀. Mo wá lọ tú àpótí irinṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo kó àwọn irin pẹlẹbẹ olójú ihò tí wọ́n ń fi sídìí nọ́ọ̀tì, mo rán wọn mọ́ etí aṣọ Màmá yí ká. Kò dùn mọ́ ọn.

"O fẹ́ fi irin so mí mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́."

"Ẹ wọ̀ ọ́, Màmá."

"Ó ń gbá mi léegun."

"Ẹ máa wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé tíì lọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mọ́tò Bàbá wà lójú tẹlifíṣọ̀n, ó tú u palẹ̀, ó kọ ìwọ̀n gbogbo nǹkan tó wà nínú ẹ̀ síbẹ̀. Mo wo ìjókòó Màmá. Nọ́ńbà tí mo ti rí lórí òṣùwọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ló wà níbẹ̀.

"Bọ̀dá, kí lẹ ṣe síbi tẹ́ ẹ kọ Màmá sí?"

"Mo ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Mọ́tò gbọ́dọ̀ fúyẹ́."

"Ẹ dá a padà."

"Géèmù ni, àbúrò."

"Ẹ dá díẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó tẹ bọ́tìnnì. Nọ́ńbà gòkè.

Ní kíṣíìnì, àwọn ife dún. Ṣìnrìn, ṣìnrìn.

"Yéè, orúnkún mi!" Màmá ké níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, mo wò ó. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu ẹ̀. Ó gbọ́. Mo lè fi ohunkóhun búra pé ó gbọ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú padà sí tẹlifíṣọ̀n. Má-Wẹ̀yìn ti wà lórí ìlà, ó ń dúró dè é. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ bọ́tìnnì, nọ́ńbà sọ̀ kalẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ife dákẹ́.

"Díẹ̀ ló kù kí n bá a," ló wí.

Látìgbà tí mo ti gbọ́n, "ẹ" ni mo ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ pè é ní "ìwọ".

"Ìwọ, ìyá ẹ mà nìyẹn!"

"Mo mọ̀. Tí mo bá ti ṣáájú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, màá dá gbogbo ẹ̀ padà."

Mo lọ sọ fún Màmá. Mo rò pé á bú sẹ́kún, tàbí kó mú pàṣán. Ó ń fọ àwo lọ́wọ́, ó fi ìdí ti kọ́bọ́ọ̀dù kó má baà ṣí kúrò.

"Látìgbà tí wọ́n ti lé e níbi iṣẹ́, ìgbà wo lo rí i kó rẹ́rìn-ín?" ló bi mí. "Jẹ́ kó mú un. Ọjọ́ orí mi yìí, kí ni mo fẹ́ fi ìwọ̀n ṣe?"

Mo bínú sí i. Mo ṣì ń bínú sí i títí dòní. Ó wù mí kí n gbé géèmù náà là mọ́lẹ̀, mo tiẹ̀ gbé e lọ́jọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n mi ń wẹ̀. Mo wá rò ó pé tí mo bá fọ́ ọ, ibo ni ìwọ̀n Màmá máa gbà jáde? Mo rọra gbé e sílẹ̀.

Ọ̀sán tí mò ń wí yìí, oòrùn mú gan-an. Màmá ti fọ aṣọ onírin náà, ó ti sá a sórí okùn. Aṣọ àwọ̀sùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà lára ẹ̀. Mo gbọ́ tó ní òun fẹ́ lọ wò ó bóyá ó ti gbẹ. Mo ní kó dúró, mò ń bọ̀, kó jẹ́ kí n rán ibi tí mo dé tán. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní pálọ̀, ẹ́ńjìnì ń bú ramúramù. Lójijì ó pariwo:

"Mo ti ṣáájú ẹ̀! Mo ti ṣáájú ẹ̀!"

Mo sá gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Mo rí nọ́ńbà tó wà ní ìjókòó Màmá. Òdo ni.

Mo dé ẹ̀yìnkùlé. Bàtà Màmá wà lábẹ́ okùn. Àwọn aṣọ tó kù ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Aṣọ onírin náà nìkan ni kò fẹ́, ṣùgbọ́n apá ẹ̀ kan nà sókè gan-an, bíi pé ẹnì kan dì í mú látòkè. Okùn náà ń ké. Lẹ́yìn náà, apá aṣọ náà rọ̀ wálẹ̀.

Mi ò gbójú sókè.

Nínú ilé, mo gbọ́ tí mọ́tò forí sọ ògiri, gbàgà. Ẹ̀gbọ́n mi ṣépè. Ìjókòó ti ṣófo, mọ́tò sì ti fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe máa ń ṣe láyé Bàbá. Onítáyà tó mọṣẹ́ dójú àmì, ó gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹ̀. Má-Wẹ̀yìn ti kọjá lọ. Ọ̀rọ̀ tó kọ sílẹ̀ yàtọ̀ lọ́tẹ̀ yìí:

"Ìjókòó ẹ ṣófo."

Àwọn aládùúgbò wá Màmá, ọlọ́pàá náà wá a. Wọ́n wo inú kànga, wọ́n wo gọ́tà, wọ́n wo ìdí igbó. Gbogbo ayé ń wá Màmá nílẹ̀. Èmi náà bá wọn wá a nílẹ̀, mo ń pariwo orúkọ ẹ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bá wa lọ. Ó ń kọ nọ́ńbà sí ìjókòó náà, ó ń pa á rẹ́. Ó ní òun ti dá ti Màmá padà, mọ́tò ò gbà á. Ó kọ ìwọ̀n àpò yanrìn, kò gbà á. Bí mo ṣe ń kọjá, ó pè mí. Ohùn ẹ̀ rọ̀.

"Àbúrò mi, báwo ni ìwọ ṣe wúwo tó?"

Mo gbé òṣùwọ̀n náà, mo jù ú sínú gọ́tà. Nígbà tí mo padà wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Èmi ni mo pọ̀n ẹ́ dàgbà," ló wí. "Ọwọ́ mi mọ ìwọ̀n ẹ."

Àwọn oníbàárà mi ní kí n kó kúrò nílé yẹn. Wọ́n ní kójú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n tí Màmá bá sọ̀ kalẹ̀ ńkọ́? Ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún un? Mo fi aṣọ onírin náà sílẹ̀ lórí okùn, kó lè rí nǹkan dì mú.

Láàárọ̀ yìí, mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ẹ̀rọ àfẹsẹ̀tẹ̀ tí Màmá rà fún mi nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ ìránṣọ tán tí mo gba òmìnira. Mo ki òwú bọ abẹ́rẹ́, mo tẹ́ aṣọ. Mo fẹsẹ̀ tẹ irin ìsàlẹ̀ kí ẹ̀rọ lè yí. Kò yí. Mo rò pé òwú ló kọ́ ọ. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Mo wá dìde, mo dúró lé irin náà lórí pátápátá, mo di tábìlì mú.

Irin náà ò sọ̀ kalẹ̀.

Ní pálọ̀, ẹ́ńjìnì bú. Láti ibi tí mo dúró, mo rí nọ́ńbà kékeré kan ní ìjókòó Màmá lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́.

"Ó ti ń lọ tààrà," ló wí.