Ọkọ̀ Tí Kò Fẹ́ Gbé Àṣàkẹ́

N kò gbọ́ èyí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ojú mi ló ṣe, ọ̀sán gangan sì ni, oòrùn ń ràn. Bertha, agbẹ̀bí wa, wà níbẹ̀. Ó ṣì wà láàyè ní Àrẹ̀mọ. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi í.

Ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀ ni, lọ́dún 1965. Ọyẹ́ ṣì mú. Àṣàkẹ́ ni ìyàwó Àkíbù, ọmọ mi. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Láti àárọ̀ àná ló ti ń rọbí, ọmọ kò sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, Bertha jáde bá mi lẹ́yìnkùlé, ó ń nu ọwọ́.

"Ìyá Àkíbù, agbára rẹ̀ ti tán. Ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Bí kò bá dé ọsibítù kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ má bi mí léèrè rẹ̀ mọ́."

Ọkọ̀ kò jìnnà sí wa. Àkíbù ní bọ́lẹ̀kájà ògbólógbòó kan, onípákó, tó máa ń gbé síwájú ilé wa ní Ọ̀rányàn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló fi kó gbogbo agboolé lọ sí Yídì, ó sì kó wọn bọ̀. Kò ṣe wàhálà kankan.

A tẹ́ ẹní sórí pákó, a gbé Àṣàkẹ́ lé e. Mo jókòó tì í. Àkíbù ki irin bọ imú ọkọ̀, ó yí i. Ẹ́ńjìnnì ń yí lásán. Kò ké. Ó yí i títí bùbá ọdún fi lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

Mo rán ènìyàn lọ wá ọkọ̀ mìíràn ní Ọjà'ba. Kò rí ẹyọ kan. Gbogbo wọn ti gbé èrò ọdún lọ sí abúlé. Hezekiah mẹkáníìkì nìkan la rí. Aládùúrà ni, kò ní ọdún tó ń ṣe. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé láti Bẹẹrẹ, ó ń pariwo láti òkèèrè.

"Àkíbù! O ṣì ń wa bàbá àgbà yìí? Ṣebí mo ní kó o fi í jẹ baálẹ̀, kó máa jókòó!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó yọjú sẹ́yìn ọkọ̀, ó rí Àṣàkẹ́, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó tú púlọ́ọ̀gì kan, ó gbé e lé irin ẹ́ńjìnnì, ó ní kí Àkíbù yí i. "Bí iná bá wà, ẹnu rẹ̀ níbí ló ti máa ta." Kò ta. Ó fi sáńpépà ha kọ́ńtáàtì. Kò ta. Ó tọ wáyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ wò wọ́n bí ẹni ń wá egungun nínú ẹja. Ó yọ kọ́ìlì, ó fi òmíràn tó mú wá nínú àpò rọ́pò rẹ̀. Kò ta.

"Ìyá, n kò rí nǹkan tó ṣe ọkọ̀ yìí."

"Kí ló dé tí kò ṣáná?"

"Ohun tí èmi náà ń bi ara mi nìyẹn."

Àṣàkẹ́ ní òun fẹ́ tọ̀. Èmi àti Bertha gbé e sọ̀kalẹ̀. Àkíbù ṣì ń yí irin. Bí ẹsẹ̀ Àṣàkẹ́ ṣe kan ilẹ̀, mo gbọ́ tí iná ta lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Pàrà. Hezekiah kígbe. Ó dá púlọ́ọ̀gì padà kíá, Àkíbù yí irin lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ́ńjìnnì ké. A yọ̀. A sáré gbé Àṣàkẹ́ padà sórí pákó. Ẹ́ńjìnnì gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan.

Ó kú.

A sọ Àṣàkẹ́ kalẹ̀. Ó ké. A gbé e sókè. Ó kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é.

Mo ní bóyá ó wúwo ni. A sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a ju àpò gàrí méjì sínú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń dún. Mo ní kí Bertha gòkè. Bertha tó sanra ju èmi àti Àṣàkẹ́ lápapọ̀! Ó gòkè, ó ń bú mi. Ẹ́ńjìnnì ń dún. A gbé Àṣàkẹ́ tì í. Ẹ́ńjìnnì pa kẹ́kẹ́.

Hezekiah ṣí fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ Sáàmù. Àkíbù ń ka Fátíhà. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n oòrùn ti yẹ̀.

Ohun tí a máa ń ṣe fún ọmọ àbíkú ló wá sí mi lọ́kàn. A máa ń pè é ní ààtàn, a máa ń pè é ní àkísà, kí àwọn tó ń wá a má baà dá a mọ̀. Mo fi ẹnu sí etí Àṣàkẹ́.

"Ẹrù ni ọ́ báyìí. Má kérora. Má mira. Bí wọ́n bá pè ọ́, má dáhùn. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Ìyá."

Ìyàwó tó gbọ́ràn ni.

Mo fi aṣọ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Mo fi okùn dè é wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lókè àti nísàlẹ̀, bí ìdì aṣọ. Bertha dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ìyá Àkíbù, eléyìí ò dáa."

"Ó dáa, kò dáa, èwo ló kù?"

Mo wá gbóhùn sókè, kí ọkọ̀ lè gbọ́. "Ẹ bá mi gbé ẹrù yìí o! Ẹrù Ìwó ni!"

Wọ́n gbé e sórí pákó, mo gòkè tì í. Ìrora mú un. Mo rí i tí aṣọ le gbandi níbi ikùn. Kò ké. Ó pẹ́ kí aṣọ náà tó dẹ̀.

Àkíbù yí irin. Ẹ́ńjìnnì ké.

Àdúgbò hó yèè. Hezekiah ń jó pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Ọkọ̀ gbéra bí ọkọ̀ tuntun, kò ṣe bí ẹni pé ohunkóhun ṣe é rí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ aṣọ náà.

"Àṣàkẹ́, ó ti ṣáná o."

Kò dáhùn. Ṣebí èmi ni mo ní kó má dáhùn.

"Ó tó. O lè dáhùn báyìí."

Mo tú okùn. Mo ṣí aṣọ kúrò lójú rẹ̀. Kò mí mọ́. Mo fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Ikùn náà dákẹ́.

Títí dòní n kò mọ èyí tó ṣáájú. Bóyá ó ti lọ kí iná tó ta. Bóyá bíbò tí mo bò ó ló jẹ́ kí iná ta, kó tó lọ.

Àkíbù ń fọn fèrè níwájú. Ó yọ orí síta, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá! Ẹ sọ fún un pé a ti kọjá Mapo o!"

Mo sọ fún un.