Wáyà Idẹ Tó Wà Lẹ́nu Nehemiah

Lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ wá láago pé Ọ̀gbẹ́ni Adéyọ̀sí ti kú, mo ń fọ irinṣẹ́ lọ́wọ́ ní ilé ìtọ́jú eyín wa ní Ìkòròdú. Ìparí ọdún 2007 ni. Mo pa omi, mo jókòó. Ọdún mọ́kànlá la fi jọ ṣiṣẹ́: èmi ni nọ́ọ̀sì, òun ló ń ṣe eyín àtọwọ́dá fún àwọn tí eyín wọn ti yọ.

Tí mo bá rántí rẹ̀, tọkọtaya kan láti Ìjẹ̀dẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.

Nehemiah lorúkọ ọkọ, apẹja ni. Ọ̀gbẹ́ni Adéyọ̀sí ti ṣe eyín mẹ́ta fún un, tí férémù irin tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ró, pẹ̀lú ìkọ́ méjì tó so ó mọ́ àwọn eyín tó kù. Ọdún mẹ́rin ló fi ń jẹ ẹja àti ata, irin náà ò yí àwọ̀ padà. Lọ́jọ́ kan, eyín náà já bọ́ nínú ọkọ̀, ìkọ́ kan sì kán. Dípò kó gbé e padà wá, ó gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ góòlù kan ní Lásùnwọ̀n. Ìyẹn fi wáyà idẹ ṣe ìkọ́ mìíràn, ó fi òjé jó o mọ́ ọn. Ó ń dán yanran.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí oúnjẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í korò lẹ́nu Nehemiah.

"Ìyá Tẹniọlá, kí lo fi sínú ọbẹ̀ yìí?"

"Ẹja, ata, iyọ̀. Inú ìkòkò kan náà lèmi náà ti bù, Bàbá Tẹniọlá."

"Irọ́ ni! Ó ń ta mí láhọ́n. Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Kẹ́misọ́lá, ìyàwó rẹ̀, kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Àmọ́ nígbà tó yá, ọkọ rẹ̀ ò fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Búrẹ́dì ló ń rà jẹ ní èbúté. Nígbà tí búrẹ́dì náà tún korò, ó ní májèlé ti wọ òun lára nìyẹn. Ó ní kí Kẹ́misọ́lá kó ẹrù rẹ̀, kó padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́.

Kẹ́misọ́lá di ẹrù, ó gbé e rù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ń lọ. Ẹ kàn dá mi lóhùn ohun kan. Nígbà tí ẹ ṣì ń jẹ oúnjẹ mi, láàárọ̀, kí ẹ tó ki eyín yẹn bọnu, ṣé ẹ̀kọ mi máa ń korò?"

Nehemiah fi ahọ́n kan eyín náà lẹ́nu.

"Mo ní ṣé ó ń korò?"

"Kò korò."

"Ó dáa, ẹ wọ bàtà yín. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe eyín là ń lọ."

Bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn, tòun ti ẹrù lórí.

Ọ̀gbẹ́ni Adéyọ̀sí yí eyín náà síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ iná. Wáyà idẹ ti ń di àwọ̀ ewé. Erìgì tó ń kàn ti wú, ó ń ṣẹ̀jẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Nehemiah, nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, ṣé ẹ máa ń fi ahọ́n dán bátìrì rédíò wò?"

"Ta ni kì í dán an wò, ọ̀gá!"

"Báwo ló ṣe máa ń rí lẹ́nu?"

Nehemiah ronú. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó gbójú sílẹ̀. "Bí ọbẹ̀ rẹ̀."

"Bátìrì lẹ gbé sẹ́nu! Irin méjì tí kò bára mu, tí wọ́n fara kanra, tí itọ́ sì yí wọn ká, iná kékeré á máa rìn láàárín wọn. Èyí tí kò lágbára á máa jẹrà. Idẹ yín ń yòrò, ẹ̀ ń gbé e mì. Òjé tí wọ́n fi jó o, májèlé gidi nìyẹn."

Ó fi àtàǹpàkò ra férémù tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

"Ẹ wo èyí. Irin méjì kan, kóbáàtì àti kírómíọ́ọ̀mù, la yọ́ pọ̀ di ẹyọ irin kan ṣoṣo. Bí atẹ́gùn bá ti kàn án báyìí, á ta awọ kan bo ara rẹ̀, awọ tí ojú ò lè rí. Iyọ̀ ò rọ́nà wọ̀ ọ́, ọsàn wẹ́wẹ́ ò rí i gbé ṣe. Bí nǹkan bá ha á, á tún ta òmíràn fúnra rẹ̀."

Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń yin ọmọ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ láìmọye ìgbà, síbẹ̀ mo tún dúró gbọ́.

Nehemiah dọ̀bálẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe."

"Èmi kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ bẹ̀."

Nehemiah kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Tẹniọlá, má bínú. Mo ṣẹ̀ ọ́."

"Mo ti gbọ́. Ẹ bá mi sọ ẹrù yìí kalẹ̀ ná, ọrùn ń ro mí."

Férémù tuntun ni Ọ̀gbẹ́ni Adéyọ̀sí ṣe fún un. Erìgì náà san, ọbẹ̀ Kẹ́misọ́lá sì padà dùn.

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, bí eyín àtọwọ́dá yín bá kán, ẹ má gbé e fún alágbẹ̀dẹ tàbí ajórin. Ọwọ́ wọn mọ òrùka ṣe, àmọ́ irin tó ń dán níka ọwọ́ lè dípẹtà nínú itọ́. Bí ẹnu yín bá ń korò, tó ń ta yín, tàbí tí erìgì yín wú lẹ́yìn tí ẹ fi irin sí eyín, ẹ tètè lọ sí ilé ìtọ́jú eyín. Ẹ bi wọ́n léèrè irú irin tí wọ́n ń lò, ẹ̀tọ́ yín ni. Kí ẹ sì tó fẹ̀sùn kan ẹni tó ń se oúnjẹ fún yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹnu yín wò.

Mo ránṣẹ́ sí Nehemiah pé Ọ̀gbẹ́ni Adéyọ̀sí ti lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó wá, kì í sì í ṣe òun nìkan. Ó ti fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé Bàbá Ajíbóyè, aládùúgbò rẹ̀ tí ìkọ́ eyín rẹ̀ kán lọ́sẹ̀ yẹn, gúnlẹ̀ sí èbúté Ìpakodò. Bàbá náà ti ń múra àtilọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ.

"Nítorí ọ̀gá ni mo ṣe mú wọn wá," ó sọ fún mi.

Ó fa àga fún bàbá náà, ó sì dúró tì í títí ọmọkùnrin tí Ọ̀gbẹ́ni Adéyọ̀sí kọ́ níṣẹ́ fi pè wọ́n wọlé.